Háyà Ọkọ̀ ní Èbúté Igbókòdá fún Wíwo Ẹyẹ àti Ẹran Omi: Ohun Tí Owó Yín Lè Rà

Ọkọ̀ ni wọ́n ń fi háyà ní èbúté Igbókòdá, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọn kì í ta ẹranko wíwò. Ẹni tó bá ti mọ èyí kó tó kúrò ní Àkúrẹ́ máa gbádùn ìrìn náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á gbé e sáré lọ sí Ayétòrò tó wà létí òkun, wọ́n á gbé e sáré bọ̀, gbogbo ohun tó máa rí kò sì ní ju ẹ̀yìn lékeléke tó ń sá lọ. Omi kan náà ni, ọkọ̀ náà tiẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá atukọ̀ sọ kí ẹ tó wọkọ̀ ló máa pinnu irú ọjọ́ tí ẹ máa lò lórí omi.

Iṣẹ́ tí à ń yẹ̀ wò níbí ni ti àwọn atukọ̀ tó ń fi ọkọ̀ háyà fún wákàtí mélòó kan, láti Igbókòdá wọ inú irà àti àwọn ẹ̀ka odò Ìlàjẹ. Ọkọ̀ èrò tó ń gbé ọlọ́jà lọ sí Ùgbónlà tàbí Ayétòrò yàtọ̀ sí i. Ìyẹn náà wúlò, owó rẹ̀ sì kéré, àmọ́ kò lè dúró nítorí ẹyẹ kan, nítorí pé èrò mìíràn ní ibi tó ń lọ. Àwa fọwọ́ sí ọkọ̀ háyà. A máa sọ ìdí rẹ̀, a ó sì sọ ibi tó kù sí.

Láti Àkúrẹ́, ọ̀nà Ọ̀wẹ̀nà àti Bọ́lọ́runndúró ló máa gbé yín dé Oǹdó, lẹ́yìn náà ẹ máa kọjá Orè àti Òkìtìpupa kí ẹ tó kan Igbókòdá. Bí ọ̀nà bá dán, tí kò sí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ní Orè, bíi wákàtí mẹ́ta ni. Ẹ má kà á sí àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan. Àárín aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀ ni ẹyẹ ń jẹun jù. Ẹni tó bá jí kúrò ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an máa dé èbúté nígbà tí oòrùn ti mú, tí ohun gbogbo ti wọ ibòji. Ẹ sun Òkìtìpupa tàbí Igbókòdá mọ́jú. Owó yàrá òru kan yẹn ló máa ń sọ owó ọkọ̀ di owó tó so èso. Ẹni tí kò bá lè sùn níbẹ̀, kó fi ìrìn rẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́, láti aago mẹ́rin, kó sì padà sí èbúté kí aago mẹ́fà tó lù, nítorí àjọ NIWA tó ń mójú tó ọ̀nà omi wa kò fàyè gba ìrìn òru.

Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Ojú àti etí ló ń ṣe ti Ìlàjẹ, irà náà kò sì rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nítòsí ìlú, omi dídùn ni, ó dúdú, ó pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí kò ní mílíìkì, nítorí ewé tó ń rà sínú rẹ̀. Ògùrọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, imọ̀ rẹ̀ gígùn tẹ̀ bo omi títí ẹ̀ka odò fi dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ìhà òkun, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ omi, ògùrọ̀ á dín kù, igi ẹ̀gbà á gba ipò. Ẹ máa dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ lójú kan. Ó ń ti ara igi yọ jáde, ó ń tẹ̀ kọrọdọ wọ inú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Lẹ́yìn èyí ni omi máa ṣí sílẹ̀ gbayawu, ilé orí òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ariwo òkun á sì máa wá láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọn ibì kan wà tí igi gíga dúró láìléwé, funfun bí egungun. Omi iyọ̀ ló pa wọ́n. Ojú ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ní ìhà Awóyè láti àwọn ọdún 1970 ló ṣílẹ̀kùn fún òkun wọ inú igbó tó jẹ́ omi dídùn ni ilé rẹ̀. Ó dunni láti rí i. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí atukọ̀ sáré kọjá níbẹ̀, nítorí orí àwọn igi gbígbẹ yẹn ni ẹyẹ apẹja ń bà sí jù, ewé kankan kì í sì í dí yín lójú.

Ó tó ká sọ irú ọkọ̀ tó yẹ kí ẹ mú. Mẹ́ta ni ẹ máa bá. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ fáíbà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sípíìdì bóòtù, tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń tó 40 tàbí 75 (agbára ẹṣin, hp, ni wọ́n fi ń kà á). Ó yá, ó sì gbẹ nínú, ṣùgbọ́n ìgbì tó ń fà lẹ́yìn máa ń gbá ẹsẹ̀ irà, gbogbo ohun tó wà lórí ẹrẹ̀ á sì wọ ihò. Èkejì ni ọkọ̀ pákó gígùn tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì 15 sí 40 mọ́ nídìí. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ tí àwọn apẹja ń lò. Ìdájọ́ tiwa ni pé ọkọ̀ pákó tó ní ẹ́ńjìnnì 15, pẹ̀lú ọ̀pá ìtukọ̀ kan àti àjẹ̀ méjì nínú rẹ̀, ló dára jù fún èèyàn mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì dé ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ pa á níbẹ̀, kí atukọ̀ fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wọ ẹ̀ka kékeré. Ọkọ̀ alájẹ̀ ló dákẹ́ jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń yí gbirigbiri bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn bá wọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe fún ẹni tí kò lè lúwẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ọkọ̀ kankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé iye èèyàn, ti atukọ̀ pẹ̀lú. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹnì kejì wá fa èjìká rẹ̀ sókè gidigidi. Bí ó bá gòkè dé àgbọ̀n tàbí etí yín, ó ti tóbi jù. Nínú omi, á bọ́ gba orí jáde. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba abẹ́ itan. Ẹ tẹ fóòmù inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú: èyí tó bá le gbagidi tó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́, tàbí tó mu omi tó sì wúwo, kò ní gbé ẹnikẹ́ni léfòó mọ́, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n tó. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n kó wọn jọ sábẹ́ ìjókòó, kí wọ́n ní ẹ máa wọ̀ ọ́ bí omi bá ru. Ẹ má gbà. Omi kì í kọ̀wé ránṣẹ́ kó tó ru.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Omi díẹ̀ nínú ọkọ̀ pákó kò burú. Omi tó bo kókósẹ̀ kí èrò tó wọlé kò dáa. Igbá tàbí ike ìgbọ́nmi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo yín bá ti jókòó, kí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣì ga ju omi lọ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan tàbí ẹrù kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ohun mẹ́ta péré ni ẹ ní láti mọ̀. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ máa tọ omi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó le. Omi yẹn ló ń sọ pé ó ń tutù. Okùn pupa kan wà tó yẹ kí ó so mọ́ ọwọ́ tàbí ìgbànú atukọ̀, tí ẹ́ńjìnnì máa kú fúnra rẹ̀ bí atukọ̀ bá já sómi. Ọ̀pọ̀ ló ń so ó mọ́ ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kí ó má baà dí wọn lọ́wọ́. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa so okùn yẹn mọ́ ọwọ́ yín." Ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, máa ń yí po lójú kan náà, á sì padà wá bá ẹni tó wà nínú omi. Ẹ̀kẹta ni epo. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń mu bẹntiróò tí a po ọ́ìlì mọ́ sábà máa ń gba ìdá kan ọ́ìlì sí ìdá 50 bẹntiróò, ìyẹn ìdajì lítà ọ́ìlì nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù á dọ̀tí pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á máa kú bí wọ́n bá dín iná rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ sì ni iná kékeré gan-an ni ẹ nílò fún wíwo ẹyẹ. Ọ́ìlì tó kéré jù á sun ẹ́ńjìnnì pátápátá.

Epo yìí náà ni ìpìlẹ̀ owó tí wọ́n máa dá lé yín, nítorí náà ẹ mọ ìṣirò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 40 tó ń mu epo pípò, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, á mu bíi lítà 15 sí 17 ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì 15 á mu bíi lítà 6 sí 7. Bí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, tí ẹ sì ń pa ẹ́ńjìnnì léraléra, kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe nájà lórí "lọ sí Ayétòrò kí ẹ sì bọ̀". Bí ẹ bá nájà lórí ibi tí ẹ ń lọ, ohun tó máa ṣe atukọ̀ láǹfààní ni kó tètè dé, kó tètè padà, kó gbé èrò mìíràn. Ẹ nájà lórí wákàtí: "A fẹ́ wákàtí mẹ́rin. A kò kánjú. Ẹyẹ la fẹ́ wò, bí a bá ní kí ẹ pa á, ẹ bá wa pa á." Ẹ béèrè bóyá epo wà nínú owó náà tàbí ẹ̀yin lẹ máa rà á. Èyí tí ẹ bá rà fúnra yín máa ń mú kí owó yé tọ̀tún-tòsì. Ẹ pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kẹta fún ohun tí ẹ kò retí. Atukọ̀ tó bá sọ pé epo ti tó láìjẹ́ kí ẹ rí kẹ́ẹ̀gì, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ rí i.

Omi òkun ń kún, ó sì ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ipa rẹ̀ sì wọ inú irà dáadáa. Láti kíkún kan sí èkejì jẹ́ bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, nítorí náà àkókò rẹ̀ ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ní etíkun wa, gíga rẹ̀ kò ju bíi mítà kan lọ, àmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mítà kan yẹn ń ṣí ẹrẹ̀ tó pọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí omi bá ń fà ni ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, ìgbà yẹn náà ni alákàn ń jáde. Ẹ pe atukọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ bi í léèrè: "Aago mélòó ni omi máa fà lọ́la?" Àwọn ọmọ Ìlàjẹ mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà ilé wọn. Bí ìfà omi bá bọ́ sí aago méje àárọ̀, ẹ ti rí ọjọ́ tó dára jù nínú oṣù.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta la fọwọ́ sí jù. Òjò ti dáwọ́ dúró, àwọn ẹyẹ àlejò tó ń sá fún òtútù Yúróòpù sì ti dé. Àwọn kan nínú wọn kéré, tí wọ́n ń sáré lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n sì ń mi ìdí láìdúró. Lásìkò yìí náà, omi iyọ̀ ń wọlé jìnnà, ó sì ń pa gbéborùn, ewéko omi tó ń léfòó tí òdòdó rẹ̀ jọ elésè àlùkò. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni ewéko yìí ti ṣẹ̀. Ọdún 1984 ni ó gba ojú omi Benin wọ Nàìjíríà, ó sì ń dí ojú omi láti ìgbà náà. Nínú omi dídùn, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá, ó lè dí ẹ̀ka odò kan pátá láàárín alẹ́ kan bí afẹ́fẹ́ bá gbá a wá.

Gbéborùn yìí gan-an ló ń ba ìrìn jẹ́ jù ní Igbókòdá, nítorí náà ó yẹ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é. Gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí irun á wé mọ́ fáànù ẹ́ńjìnnì. Ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà, á máa ké sókè, ọkọ̀ kò sì ní máa lọ bó ṣe yẹ. Bí ó bá tún dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi, omi tó ń tọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á rọ̀ tàbí kó dáwọ́ dúró, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì rìn sẹ́yìn díẹ̀ kí ewé tú. Bí kò bá tú, á pa á, á gbé e sókè kúrò nínú omi, á fi ọ̀bẹ gé ewé kúrò, á tú ihò náà, kó tó tún un tàn. Kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí pápá gbéborùn bá fẹ̀, á sáré sí i díẹ̀, á pa ẹ́ńjìnnì, á gbé e sókè, kí ọkọ̀ fi agbára tó ti ní rá wọ inú rẹ̀, ọ̀pá á sì ṣe ìyókù. Atukọ̀ tó bá ń fi iná ńlá la gbéborùn kọjá, tó ń gbójú le agbára, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa sùn mọ́jú sí lójú omi.

Ohun kejì tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni àwọ̀n apẹja. Ike funfun tàbí ìgò ike tó ń léfòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ló ń fi í hàn. Bí fáànù bá ya á, ẹ̀yin àti atukọ̀ lẹ máa san án, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí oúnjẹ ẹnì kan ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jókòó níwájú máa wò ó.

Ṣùgbọ́n gbéborùn náà ni pápá ìṣeré ẹyẹ tí àwa fẹ́ràn jù lórí omi yìí. Ẹ wá ẹyẹ tó pọ́n bí obì, tí ọrùn rẹ̀ funfun níwájú, tí awo búlúù kan sì wà ní iwájú orí rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kọjá bó ṣe yẹ. Ó ń pín ìwọ̀n rẹ̀ sórí ewé mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí kò fi rì. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á nà án, á rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ewé á rì díẹ̀, á tún gbé èkejì kó tó rì tán. Akọ rẹ̀ ló ń sàba lórí ẹyin. Bí ewu bá dé, akọ yìí náà á pa ìyẹ́ dé, á há àwọn ọmọ sí abẹ́ apá, á sì gbé wọn sá, ẹsẹ̀ gígùn àwọn ọmọ náà á máa rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀ apá bàbá wọn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ní bíi mítà 100 sí i, kí ẹ jẹ́ kí omi gbé ọkọ̀ lọ bá a. Kì í sá fún ọkọ̀ tó dákẹ́.

Ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun pọ̀, ẹ kò lè ṣàì rí i. Á dúró lójú kan nínú òfuurufú, apá á máa gbọ̀n, orí kò ní mì rárá, á sì já lulẹ̀ ṣóńṣó bí òkúta. Bí ó bá mú ẹja, á gbé e lọ sórí igi gbígbẹ, á na orí rẹ̀ mọ́ igi títí yóò fi dákẹ́, á wá fi orí ẹja ṣíwájú gbé e mì, kí ìpẹ́ má baà há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ tún máa rí àkò tó dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, àti ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ìtẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá omi. Ẹ máa gbọ́ àgbìgbò kí ẹ tó rí i: apá rẹ̀ ń dún fùù, fùù, lókè igbó ògùrọ̀. Agbe àti àlùkò náà wà, ní àárọ̀ kùtùkùtù, níbi tí igi ńlá bá kù sí. Odídẹrẹ́ ti di ọ̀wọ́n.

Bí omi bá ti fà, ẹ ní kí wọ́n ti ọkọ̀ sún mọ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà, kí gbogbo yín sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ lásán lẹ máa rí. Lẹ́yìn náà, ihò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú. Alákàn kékeré á jáde, ọwọ́ kan bínńtín, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ara rẹ̀, á máa gbé e sókè, á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí ẹni tó ń juwọ́ sí ará ilé. Akọ nìkan ló ní ọwọ́ ńlá yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹja kan máa ti jáde kúrò nínú omi, á fi lẹbẹ iwájú méjèèjì rìn lórí ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn, ojú rẹ̀ méjèèjì yọ gbọ̀ngbọ̀n sókè orí. Ó ń fi awọ ara tó tutù mí, ìdí rèé tó fi máa ń yí ara nínú ẹrẹ̀ lóòrèkóòrè kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń kọjá ibí yìí lọ wá ọ̀nì. Wọ́n pàdánù ohun tó dára jù lórí omi.

Ọ̀nì wà nínú irà, ó ń sá fún èèyàn, ìwọ̀nba ni ẹ lè retí rẹ̀ lọ́sàn-án. Awọ́nrínwọ́n lẹ máa rí jù, tó nà gbọọrọ lórí ẹ̀ka, tó ń já sómi gbì bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ọn. Ọ̀bọ máa ń wá sí etí omi ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jù wọ́n ní bisikíìtì, ọ̀bọ tó bá kọ́ oúnjẹ èèyàn á dé oko èèyàn, ìbọn ló sì máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Manatee, ẹran omi ńlá tó ń jẹ koríko, wà ní ọ̀nà omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Senegal títí dé Angola. Imú rẹ̀ nìkan ló ń yọ nígbà tó bá fẹ́ mí, á sì tún rì. Atukọ̀ tó bá fi manatee ṣèlérí fún yín kí owó lè gòkè, ẹ wá atukọ̀ mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi odídẹrẹ́ tàbí ẹran manatee lọ̀ yín láti rà, ẹ kọ̀ ọ́: àwọn méjèèjì wà lára ohun tí àdéhùn àgbáyé CITES lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó fi ààbò tó ga jù bò, manatee láti 2013, odídẹrẹ́ láti 2017.

Nàìjíríà ní ibùdó 11 nínú àkọsílẹ̀ Ramsar, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1971 lórí irú ilẹ̀ omi báyìí. Irà Ìlàjẹ kò sí lára wọn. Àwọn kan ń rí orúkọ Apoi Creek nínú rẹ̀, wọ́n sì ń rò pé ti àwọn Àpọ́ì Ẹsẹ̀-Odò ni; Bayelsa ni ìyẹn wà. Ó yẹ kí Ìlàjẹ náà rí irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀, a sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn atukọ̀ yìí kù sí, méjì ló wúwo lójú tiwa. Ọ̀pọ̀ wọn mọ gbogbo kọ̀rọ̀ omi, wọn a sì rí ẹyẹ kí ojú yín tó gbé e, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí ẹ bá béèrè. Ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ohun kọ̀ọ̀kan lédè Ìlàjẹ, ẹ ó rí i bí ẹnu ṣe máa là. Èkejì ni kíkó èrò kún un. Àdéhùn èèyàn mẹ́rin lè di mẹ́fà lójú èbúté, pẹ̀lú àpò gààrí kan. Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọkọ̀ náà tiyín ni títí ẹ ó fi padà.

Bínókúlà tó ní 8x42 ló bá ọkọ̀ mu. Èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, 10x, á máa gbọ̀n lójú yín nítorí ìgbì. Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí búráùn, apá gígùn, nítorí kòkòrò wínníwínní inú ẹ̀gbà burú ju yànmù-yánmú lọ. Omi mímu, lítà kan àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fóònù nínú ọ̀rá méjì. Ẹ má dìde dúró nínú ọkọ̀ láti ya fọ́tò. Bí ẹnì kan bá dìde, ẹnì kejì náà á dìde, ọkọ̀ á sì dojú dé.

Lórí ààbò, ẹ má wọ ọ̀nà jíjìn tí atukọ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ́ra láti lọ. Ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní ibùdó ní Igbókòdá. Ẹ bi àwọn ará èbúté bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé fún ẹnì kan tó wà lórí ilẹ̀.

Ẹ jẹun ní Igbókòdá kí ẹ tó padà. Púpurù gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó àti ẹja tútù, kò sí ohun tó jọ ọ́ ní Àkúrẹ́. Ẹ ra ẹja yíyan àti edé lọ sílé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrìn ni. Òórùn wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ ṣeé jókòó sí.

Ẹ san ìdajì owó kí ọkọ̀ tó ṣí. Ìdajì tó kù, ẹ kà á lé atukọ̀ lọ́wọ́ lórí èbúté, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni tó kẹ́yìn bá ti kan pákó. Bí ó bá pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ ní kó pa á, tó sì mú sùúrù níbi alákàn, ẹ fi nǹkan lé e, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi lé e fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.